Epo ọlọ́síjìn ni, kì í ṣe epo alátẹ́gùn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀. Níbi tí a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ epo ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "epo alátẹ́gùn" lánàá fún "oxygenated fuel", ìyẹn bẹntiróò tí wọ́n fi èròjà tó ní ọ́síjìn sí, irú èyí tí Amẹ́ríkà sọ di dandan láwọn ìlú kan lásìkò òtútù láti 1992, kí kábọ̀nù mọnọ́ksáìdì, gáàsì olóró tó ń bá èéfín ọkọ̀ jáde, lè dín kù lójú pópó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn máa ṣi èèyàn lọ́nà.

Mo bi mẹkáníìkì mi ní Ajílosùn, l'Ádó-Èkìtì níbí, ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀. Kíá ló fèsì: "Afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù epo nìyẹn, mọ́tò ò ní fẹ́ sítáàtì." Àìsàn mọ́tò ló gbọ́! Bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn inú ẹtanọ́ọ̀lù, irú ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróò yìí, kì í ṣe atẹ́gùn tí ẹnì kan fẹ́ sínú epo. Ó so mọ́ kábọ̀nù àti háídrójìn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 35 nínú 100 ìwúwo ẹtanọ́ọ̀lù. Òun ló ń jẹ́ kí epo jóná tán. Ọkọ̀ àtijọ́ oníkábúrétọ̀ ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù. Ọkọ̀ tuntun ti ní ohun tó ń wọn ọ́síjìn fúnra rẹ̀.

"Oní" pàdé "ọgbọ́n", ó di "ọlọ́gbọ́n". Ó pàdé ọ́síjìn, kó di ọlọ́síjìn.

"Epo àbùlà" tí ẹlòmíì mú wá ńkọ́? Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹlẹ́mu tó bomi la ẹmu, ìrẹ́jẹ ló ṣe. Bẹntiróò tí mẹtanọ́ọ̀lù, irú ọtí mìíràn, pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó ba mọ́tò jẹ́ ní Nàìjíríà ní 2022, àbùlà nìyẹn. Èyí tí òfin wọ̀n, tí wọ́n sì sọ fún ẹni tó ń rà á, kò yẹ kó jẹ́ orúkọ kan náà.

"Ìfowópamọ́ epo" tí wọ́n dábàá fún "fuel economy", ìyẹn bí epo tí ọkọ̀ ń lò ṣe tó sí ìrìn rẹ̀, náà kò bá a mu. "Mọ́tò yìí ń jẹ epo" làwọn awakọ̀ wa ń wí. Ìjepo ni kí a pè é. Agbára inú ẹtanọ́ọ̀lù fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta kéré sí ti bẹntiróò. Bí ẹtanọ́ọ̀lù bá jẹ́ ìdá 10 nínú 100 epo, ibi tí ọkọ̀ ti ń rin kìlómítà 100 tẹ́lẹ̀, bíi 97 ló máa rìn. Ìjepo lọ sókè; owó wo la fi pamọ́?

Ní ti ohun tó ń jáde ní sàlẹ́ńsà, mo fẹ́ kí a fi "èéfín" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, kábọ̀nù mọnọ́ksáìdì kò láwọ̀, kò rùn. Àmọ́ "èéfín jẹnẹrétọ̀ ló pa wọ́n" là ń wí níbí, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ rí èéfín kankan nínú yàrá.