Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wọlé: àìsùn ọdún tuntun ní Corrour

Ó pẹ́ tí mo ti wà ní Scotland kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní bothy. Ahéré olókùúta ni, tó dá wà láàárín òkè. Kò ní iná mànàmáná, kò ní omi ẹ̀rọ, wọn kì í tì í, ẹnikẹ́ni ló sì lè wọlé sùn láìsan kọ́bọ̀. Mountain Bothies Association, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965, ló ń tún nǹkan bí 100 nínú wọn ṣe, ọ̀fẹ́ sì làwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń ṣiṣẹ́ náà. Èyí tí a lọ ń jẹ́ Corrour, ní òkè Cairngorms. Ní 1877 ni wọ́n kọ́ ọ fún ẹni tó ń ṣọ́ àgbọ̀nrín.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Scotland gan-an, ló ní ká wá ṣe Hogmanay níbẹ̀, ìyẹn àìsùn ọdún tuntun tiwọn. Àwa mẹ́rin la lọ: òun àti ìyàwó rẹ̀, Àǹtí wa kan ará Ìjẹ̀bú tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, àti èmi. Wọn kì í fẹ́ kí èrò rẹpẹtẹ jọ lọ, kí wọ́n má baà gba ilé mọ́ àwọn arìnrìn-àjò yòókù lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ 31 oṣù December, a gbé mọ́tò sí Linn of Dee, lẹ́yìn ìlú Braemar. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́sàn-án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, oòrùn á sì ti wọ̀ ní nǹkan bí aago 3:30. Nǹkan bíi kìlómítà 13 ló kù ká rìn. Braemar yìí, kò sí ibi tí òtútù tíì mú jù ú lọ ní gbogbo Britain: ìwọ̀n Celsius 27.2 sísàlẹ̀ òdo, ní 1895 àti ní 1982. Ti ọjọ́ tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ omi inú ìgò mi dì lọ́nà.

Igi ìdáná kò sí nítòsí ahéré náà, ẹni tó bá fẹ́ yáná á ru èédú rẹ̀ dání. Èmi àti Àǹtí tún ru gaàrí àti ata díndín tó ti dì gbagidi. Kò sí oúnjẹ tó dára fún òkè tó gaàrí. Kì í bàjẹ́, omi gbígbóná nìkan ló ń fẹ́.

Títí dé Derry Lodge, ilé ọdẹ àtijọ́ kan, ọ̀nà tẹ́jú, a sì ń tàkúrọ̀sọ. Lẹ́yìn ìyẹn la kan odò Luibeg. Afárá wà lókè díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí àwọn òkúta láàárín omi, mo ní mo máa gbabẹ̀. Àǹtí ní, "Àbúrò, afárá ń bẹ lọ́hùn-ún o." N kò gbọ́. Omi dídì ti bo òkúta kejì, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo wọ odò dé orúnkún. Ojú ẹsẹ̀ ni Àǹtí ní kí n jókòó. Ó bọ́ bàtà mi, ó fi ìborùn tirẹ̀ nu ẹsẹ̀ mi, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ fún mi bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọ ọwọ́. Kò bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, torí nínú irú òtútù yẹn, ẹsẹ̀ tútù lè di ọ̀ràn ìyè àti ikú, òun náà sì mọ̀ ọ́n.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó rékọjá afárá odò Dee. Òkè Devil's Point dúró gàgàrà lẹ́yìn ahéré náà, dúdú kirikiri. Yàrá kan ṣoṣo ni, a bá ọkùnrin àgbàlagbà kan àti tọkọtaya kan nínú rẹ̀. Wọ́n sún fún wa láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n. Àǹtí ro ẹ̀bà nínú ìkòkò ìpàgọ́, bàbá yẹn kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó òkèlè, ata náà lá a lẹ́nu, ó sì tún tọrọ sí i.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù, gbogbo wọn yíjú sí mi. Wọ́n ní èmi ni first foot wọn. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹsẹ̀ wọlé lọ́dún tuntun ló ń mú oríire ọdún wọlé, ọkùnrin onírun dúdú ni wọ́n sì ń fẹ́ jù. Èédú, bisikíìtì àti ọtí wisikí ló gbọ́dọ̀ mú dání, kò gbọdọ̀ wọlé lọ́wọ́ òfo.

Mo jáde sínú òtútù. Ìyá mi tó ń ta ata lọ́jà ló wá sí mi lọ́kàn. Bí oníbàárà àkọ́kọ́ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, á ní, "Ẹlẹ́sẹ̀ ire ni." Mo sì rántí ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, tí mò ń wá yàrá tí mo máa yá, tí àwọn kan á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á wojú mi, wọ́n á ní wọ́n ti gbà á. Ilẹ̀kùn yìí, ṣe ni wọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń retí mi. Omi bọ́ lójú mi.

Mo kànlẹ̀kùn. Mo wọlé, mo ní, "Ọdún á yabo fún gbogbo wa." Àǹtí nìkan ló mọ̀ pé àṣẹ ló kàn, ó pariwo "Àṣẹ!", àwọn yòókù sì gbè é. Bàbá yẹn gba èédú lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ sínú iná.

Lówùúrọ̀ a gbá ilẹ̀, a di gbogbo pàǹtí wa sínú àpò. Èédú tó ṣẹ́ kù, a tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò fún ẹni tó bá kàn.