Ìwé ilẹ̀ oko ẹbí ní Lágelú: ta ló ti gbà á rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lágelú, ní ẹ̀bá Ìbàdàn, ni mo ti ń dáko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, lórí ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀. Mo fẹ́ yá owó ajílẹ̀ ní báǹkì, wọ́n ní kí n mú ìwé ilẹ̀ wá. Ìwé wo? Ilẹ̀ ẹbí ni. Mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí, àti igi pèrègún tí a fi pààlà ni ẹ̀rí wa.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti fúnni ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ ìgbèríko. Bó bá jẹ́ ti oko, kò gbọdọ̀ ju hẹ́kítà 500 lọ. (Tèmi ò tó éékà mẹ́wàá, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Ta ló ti gbà á rí nínú yín? Kí ni wọ́n béèrè? Ṣé báǹkì sì kà á sí? Ṣé gbogbo ẹbí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i? Àbúrò bàbá mi kan wà tí kì í fọwọ́ sí nǹkankan.

Ní 2012, orí fóònù ni ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ti ń fi ìdajì owó ajílẹ̀ ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ǹjẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣì wà, tí kò ní í béèrè ìwé ilẹ̀? Òjò ti ń ṣú o, ẹ jọ̀ọ́.