Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, àmọ́ iṣẹ́ wọn ò yàtọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àtẹ ìṣirò, ni mò ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ètò ọjọ́ 2 kan náà ni mo máa ń gbé lọ síbi gbogbo. Láìpẹ́ yìí mo kọ́ èèyàn 12 níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, inú wọn dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ọ̀gá wọn pè mí: kíka ọjà ìparí oṣù ṣì ń gbà wọ́n lọ́jọ́ 4 bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ó ní kí n padà wá, àmọ́ ohun tó bá iṣẹ́ àwọn mu nìkan ni kí n kọ́ wọn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Èló ni ẹni tó ń ṣe irú èyí ń gbà?

Màmá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má tíì ṣí ìwé ètò yín rárá. Ẹ ní kí ọ̀gá fún yín ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Ohun tí ọ̀gá rò pé wọ́n ń ṣe ni ọ̀gá máa sọ fún yín. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ wo ọwọ́ wọn. Fáìlì tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ sì fi kọ́ wọn.

Bọ̀dá Oníṣirò: Òótọ́ ni Màmá sọ. Ẹ tún wò ó bóyá àìmọ̀ ló ń dá wọn dúró lóòótọ́. Mo ti débi tí èèyàn 5 ti ń du kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ tún ìyẹn ṣe? Donald Kirkpatrick, ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti 1959 pé ọ̀nà 4 la fi ń yẹ ẹ̀kọ́ wò: ṣé ó dùn mọ́ wọn, ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n, ṣé wọ́n ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́, ṣé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sunwọ̀n sí i. Àtẹ́wọ́ yín ò kọjá ti àkọ́kọ́. Ti ìkẹrin ni ọ̀gá ń bi yín. Ẹ bá a kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: ọjọ́ 4 náà, mélòó ló fẹ́ kó dà?

Àǹtí Olùkọ́: Ní ti owó, ẹ gba ti ìwádìí lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ gba ti ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Iṣẹ́ ni ìjókòó yẹn.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti lọ. Mo jókòó ti obìnrin tó ń tẹ kóòdù ọjà. Bó bá ti tẹ ọ̀kan tán, á tẹ àlàfo kan lé e kó tó kọjá, torí bẹ́ẹ̀ ló bá ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ tó ń ṣe é. Àlàfo yẹn ni kì í jẹ́ kí VLOOKUP, àṣẹ Excel tó ń bá èèyàn wá nǹkan nínú àtẹ, rí kóòdù náà, ló bá ń fojú wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Odidi wákàtí kan ni mo fi kọ́ wọn ní VLOOKUP, mi ò sì dárúkọ TRIM tó ń gé àlàfo kúrò! Ìdajì ọjọ́ ni mo tún lò lórí àwòrán ìṣirò, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń yà á níbẹ̀. Mo ti yọ ọ́ kúrò. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i pé kí ọjọ́ 4 di 2. A bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, wákàtí 2 péré, pẹ̀lú fáìlì tiwọn.