Lórí “rírọ̀” ọ̀pá họ́kì: nọ́ńbà ń gòkè, ọ̀rọ̀ wa ń sọ̀ kalẹ̀

Okun o, ẹ̀yin ará.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé, mo sì ti rẹ́rìn-ín tó. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa níbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé: àbúrò wa kan, ọmọ Kàbà tó ń gbé ní Kánádà, ra ọ̀pá họ́kì fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 11. Họ́kì orí yìnyín ni o, kì í ṣe ti orí koríko tí àwa gbá nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n kọ flex 65 sára ọ̀pá náà. Àbúrò wa túmọ̀ flex sí “rírọ̀” lọ́kàn ara rẹ̀, ó ní bí ti 40 bá rọ̀, ti 65 á tún rọ̀ jù ú lọ, ohun tó rọ̀ ló sì yẹ ọwọ́ ọmọdé. Ọmọ gbé e dórí yìnyín, gbogbo ohun tó bá gbá, ó ń rìn bí ìgbín. Ni bàbá rẹ̀ bá bi wá pé kí ni ká máa pè é ní Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìsánlú dáhùn pé “ìrọ̀” náà ni, pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ó burú. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ owó àbúrò wa.

Nọ́ńbà yẹn kì í sọ bí ọ̀pá ṣe rọ̀ tó. Iye pọ́ùn tí a ó fi tẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé ní ínṣì kan ló ń sọ. Àpò sìmẹ́ǹtì Òbájáná kan jẹ́ kílò 50, ìyẹn nǹkan bíi pọ́ùn 110. Ẹ gbé ọ̀pá tí wọ́n kọ 110 sí lára dábùú búlọ́ọ̀kù méjì, kẹ́ ẹ so àpò náà rọ̀ láàárín rẹ̀: bíi ínṣì kan péré ni yóò fi tẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń gòkè ni ọ̀pá ṣe ń le sí i. Bí a bá wá pè é ní ìrọ̀, a jẹ́ pé “ìrọ̀ 110” le ju “ìrọ̀ 40” lọ. Èdè wo la ti ń sọ bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó ń gbá a ní kí nọ́ńbà ọ̀pá máa tó ìdajì ìwọ̀n ara ẹni ní pọ́ùn. Ọmọ yìí jẹ́ pọ́ùn 80. 40 ló tọ́ sí i, 65 ni wọ́n rà fún un. Àṣé igi tí kò lè tẹ̀ rárá ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, títẹ̀ yẹn wà lára ohun tó ń fún gbígbá ní agbára. Ẹni tó fẹ́ gbé ọ̀pá sókè gbá pọ́ọ̀kì (rọ́bà dúdú róbótó, ó nípọn ní ínṣì kan, ó fẹ̀ ní mẹ́ta) kì í fi ọ̀pá lù ú tààrà. Yìnyín ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lù. Yìnyín á dá ẹnu ọ̀pá dúró, ọwọ́ ò ní dúró, igi á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tó bá wá ta padà, pọ́ọ̀kì á lọ. Bí igi ò bá tẹ̀, kò sí ohun tí yóò ta padà. Zdeno Chara, òmìrán kan láàárín àwọn tó ń gbá họ́kì, tó ga ní ẹsẹ̀ 6 àti ínṣì 9, gbá a ní máìlì 108.8 ní wákàtí kan lọ́dún 2012. Ọ̀pá tiẹ̀ le bí irin, ṣùgbọ́n òun ní ara tó lè tẹ̀ ẹ́.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún màmá mi nílé, àwọn ló ti fojú ara wọn rí fídíò ọmọ náà lórí fóònù. Wọ́n ní, “Ṣé bí igi náà ṣe lágídí tó ni wọ́n kọ sí i lára?” Ẹ̀yin ará, mo dìde dúró. Àgídí 40, àgídí 65, àgídí 110! Ọ̀rọ̀ náà ń bá nọ́ńbà gòkè. Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú á ní ènìyàn ló ń lágídí, igi kì í lágídí. Ẹni tó bá ti fi àdá ṣán igi ayìn rí á bá mi dá wọn lóhùn. Ẹnì kan sì ti kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé oúnjẹ ni wọ́n máa rò ó sí. Kí wọ́n wo àmì orí ọ̀rọ̀.

Ó tún tọ́ síbi tí wọ́n ti ń gé ọ̀pá. Bí ẹ bá gé e kúrú, ó máa le ju nọ́ńbà ara rẹ̀ lọ. Gbogbo wa la mọ pàǹkẹ́rẹ́: èyí tó gùn ń jó lọ́wọ́ tíṣà, ẹ gé e sí ìdajì, ó di kùmọ̀. “Gígé ń fi kún àgídí ọ̀pá.” Ẹ gbìyànjú láti fi “ìrọ̀” sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tí a ń wá orúkọ Yorùbá fún ni kick point, ibi tí ọ̀pá ti ń tẹ̀ jù lọ. Tó bá wà nísàlẹ̀, nítòsí ẹnu ọ̀pá, igi á tètè ta padà; ó dára fún ẹni tó wà lẹ́nu góòlù tí kò ráyè na ọwọ́. Tó bá wà láàárín tàbí lókè, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ta, àmọ́ ó dára fún ẹni tó ń gbé ọ̀pá sókè gbá a láti ọ̀nà jíjìn.

Tíṣà wa ní Mópà ní ká pè é ní “oríkèé”. Tíṣà, ṣé o ti jẹ ìrèké rí? Oríkèé ni ibi tó le jù lára rẹ̀, agbede-méjì oríkèé ló ń tẹ̀. Màmá mi ní “ibi ìkúnlẹ̀”, torí igi náà ń kúnlẹ̀ kó tó dìde. Ó dùn, ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá gbọ́ ìkúnlẹ̀, ilé ìgbẹ̀bí lọkàn rẹ̀ máa lọ. Èmi fúnra mi ti fẹ́ràn “ojú ìta”, torí igi ń ta, ọfà ń ta, ẹṣin náà ń ta ìpá. Ìyàwó mi kà á, ó ní, “Ojú ìta, níwájú ilé?” Mo pa á rẹ́. “Ojú ìtẹ̀” ni mo wá gbà báyìí: ojú ìtẹ̀ ìsàlẹ̀, ti àárín, ti òkè. Kò dùn tó tèmi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́.

Àbúrò wa ti lọ pààrọ̀ ọ̀pá náà sí 40. Ẹ̀yin ará Bùnú tó ń dẹ okùn fún ọ̀yà, igi tútù tí ẹ máa ń tẹ̀ wálẹ̀, tó ń ta sókè bí ẹran bá ti kan okùn, ẹ bá mi béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Bó bá ní orúkọ, mo lè yí ọkàn padà lórí ojú ìtẹ̀.