Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: a fẹ́ mú Màmá lọ sí Charleston, Màmá ò fẹ́ lọ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ yá mi lọ́gbọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹfà la fẹ́ wa mọ́tò láti Atlanta lọ sí Charleston ní South Carolina, ọjọ́ mẹ́ta péré. Àwa méje ni: èmi àti Dádì àwọn ọmọ, ọmọ wa méjì (obìnrin ọdún mẹ́rìnlá tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára fóònù, àti ọkùnrin ọdún mẹ́fà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀), ọ̀rẹ́ mi àti ọkọ rẹ̀, pẹ̀lú ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Fort Sumter, odi ogun àtijọ́ tó wà láàárín omi, ni Dádì ń pè tọ̀sán tòru. Ọ̀rẹ́ mi ní tiẹ̀ máa pé ogójì ọdún lọ́sẹ̀ yẹn, ó ti dá aṣọ ẹbí fún àwa obìnrin, ó ní inú ọ̀kan nínú àwọn oko ńlá àtijọ́ yẹn, níbi tí igi óákù tò sí lọ́tùn-ún lósì, la ti máa ya fọ́tò. Ibi tí a ti ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ alẹ́ ni Màmá ti gbọ́ pé oko ẹrú ni. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ ní kí n wọ bàálù láti Èkó, kí n wá wo ibi tí wọ́n ti ta ọmọ èèyàn? Ẹ lọ o. Màá bá yín ṣọ́lé."

Dádì ní kí n fi Màmá sílẹ̀, wọn ò ní kú sílé. Ọkàn mi ò gbà á. Báwo ni ẹ ṣe máa tò ó tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni? Ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn ńkọ́, ṣé mo ń ro àròjù ni?

Ìyá Ìbejì, Charlotte

Ẹ kú ìmúra. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹsẹ̀ ṣáájú ti ọkàn. Ooru Charleston kì í ṣe ti Atlanta o. Omi ló kún inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ ò ní tíì lù tí aṣọ á ti lẹ̀ mọ́ yín lára. Ẹ fi àárọ̀ rìn, ẹ wọ inú ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù lọ́sàn-án, ẹ tún jáde nírọ̀lẹ́. Ẹ gbé mọ́tò sí gáréèjì kan láàárín ìlú kẹ́ ẹ sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní DASH, ọ̀fẹ́ ni, ó ń yí àárín ìlú po. Màmá á kàn jókòó jẹ́jẹ́.

Òkúta róbótó ni wọ́n fi tẹ́ Chalmers Street, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Old Slave Mart wà. Ẹni tí orúnkún ń dùn ò lè rìn ín. Ẹ já wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gan-an, tí wọ́n bá gbà láti wọlé.

Ti ọmọ ọdún mẹ́fà rọrùn. Ní Waterfront Park, omi kan ń tú jáde láti ara ọ̀pẹ̀yìnbó ńlá kan, wọ́n sì ń jẹ́ kí ọmọdé kó sínú rẹ̀. Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání. Àwọn tèmi ò rántí nǹkan mìíràn ní Charleston ju ọ̀pẹ̀yìnbó yẹn lọ, lẹ́yìn gbogbo owó tí a ná.

Fort Sumter, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbéni débẹ̀, àlọ nìkan tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí Dádì àti ọkọ ọ̀rẹ́ yín máa lọ. Àwọn ọkùnrin fẹ́ràn kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n kọ́kọ́ yìnbọn sí nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ní 1861, kí wọ́n máa tọ́ka sí omi.

Tíṣà Columbia

Màmá ò ṣẹ̀. Mo ti kó ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ sáwọn oko yẹn, mo sì mọ ohun tó ń bí wọn nínú. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àga olówó, abọ́ olówó àti òdòdó ni wọ́n á máa fi hàn yín fún wákàtí kan, wọ́n á wá dárúkọ ẹrú lẹ́ẹ̀kan bí ẹni dárúkọ òjò àná. Tó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ dé oko kan, ẹ lọ sí McLeod ní James Island. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣáájú, àti ti àwọn Gullah tó jẹ́ ọmọ ọmọ wọn.

Ṣùgbọ́n ibi tí n bá kọ́kọ́ mú Màmá lọ ni International African American Museum. Ó ṣí ní June 2023, orí Gadsden's Wharf ni wọ́n kọ́ ọ sí, èbúté tí ọkọ̀ ẹrú ti ń já ẹrù. Láàárín 1803 sí 1807, kí òfin tó dá òwò náà dúró, nǹkan bí 40,000 èèyàn ni wọ́n kó wọ Charleston. Wọn ò jẹ́ kí ilé náà fara kan ilẹ̀, òpó 18 ló gbé e sókè. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ṣe ère èèyàn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n tò ó bí wọ́n ṣe to àwọn èèyàn yẹn sínú ọkọ̀. Omi á bò wọ́n, omi á fà, wọ́n á tún yọ. Ọgbà ìsàlẹ̀ yẹn ò gba tíkẹ́ẹ̀tì. Tí Màmá bá ní ibẹ̀ tó àwọn, ó tó náà nìyẹn.

Ti aṣọ ẹbí lóko ẹrú: rárá o. Mi ò ní ṣàlàyé púpọ̀.

Ayàwòrán ATL

Èmi máa ṣàlàyé tèmi. Mo ti ya fọ́tò lábẹ́ irú igi yẹn, kò síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dáa tó bẹ́ẹ̀. Igi ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣé a kì í lọ sí Badagry ni? Ṣé ẹ ò tíì rí fọ́tò níbi tí ẹrú ti ń wọ ọkọ̀ ní Gbẹ̀rẹ̀fú? Ọmọ Yorùbá tó wọ aṣọ òkè, tó dúró gbọin-gbọin lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fìyà jẹ aláwọ̀ dúdú, èmi ò rí àbùkù nínú ẹ̀.

Tíṣà Columbia

Ọ̀gá ayàwòrán, ẹni tó lọ sí Badagry lọ rántí nǹkan ni. Èèyàn mélòó lẹ ti rí tó gbé kéèkì ọjọ́ ìbí lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú?

Ayàwòrán ATL

Ẹ ti mú mi níbẹ̀. Ó dáa, ẹ lọ sí White Point Garden ní etí omi, igi óákù wà níbẹ̀ náà. Ẹ tún gba Rainbow Row lórí East Bay Street kọjá, ilé 13 tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi ọ̀dà. Ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, orí àlejò lẹ máa rí nínú fọ́tò yín.

Alhaja Savannah

Ẹ má bínú pé mo yà kúrò lórí fọ́tò. Ṣé ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú yín? Mo béèrè torí pé ẹlẹ́dẹ̀ ń bẹ níbi tí ẹ ò fọkàn sí lágbègbè wa níbí: nínú ẹ̀wà, nínú ẹ̀fọ́, nínú ìrẹsì pupa wọn, àní nínú ọbẹ̀ ilá. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó bù ú. Ìrẹsì pupa yẹn, ẹnu ni mo fi mọ̀ pé ọmọ ìyá jọ̀lọ́ọ̀fù ni. Wọ́n tún ń ta ẹ̀pà sísè létí títì, Màmá á rò pé àwọn wà ní Láfẹ́ńwá. Bísíkíìtì kan sì wà tí wọ́n ń pè ní benne, yànmọtí ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ ra méjì, ọ̀kan ò ní dé hòtẹ́ẹ̀lì.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣé gan-an, Alhaja. Ọ̀rẹ́ mi àti ọkọ rẹ̀ kì í jẹ ẹ́, mi ò tiẹ̀ ronú kan ìyẹn.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Mo ń gbé ẹrù gba ibẹ̀ kọjá. Nǹkan méjì. Ẹ máa wo àkókò tí omi òkun ń kún, pàápàá tí òjò ọ̀sán bá tún pàdé rẹ̀. Mo ti rí i tí ojú títì tó wà nítòsí City Market di odò lójú mi. Ẹ má wa mọ́tò wọnú ẹ̀, omi iyọ̀ ni.

Èkejì, tí ẹ bá tọ ọ̀nà US 17 sísàlẹ̀ bíi wákàtí kan, ẹ máa dé Ọ̀yọ́túnjí, abúlé àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà Yorùbá, ní Sheldon. Pátákó kan wà níbẹ̀ tó ń sọ fún yín pé ẹ ti ń jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, ẹ ń wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ Detroit kan ló dá a sílẹ̀ ní 1970, Ọba Ẹfúntọ́lá Adéfúnmi. Matanzas ní Cuba ló ti gba òrìṣà ní 1959, Ọọ̀ni Síjúwádé sì dé e ládé ní Ifẹ̀ ní 1981. Ọmọ rẹ̀ tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ wàjà ní 2024, nítorí náà ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ má kàn yọjú lójijì bí ẹni ń lọ sọ́jà.

Ìyá Ìbejì, Charlotte

Tí ẹ bá dé City Market, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá ná agbọ̀n tí àwọn obìnrin Gullah ń tà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń nájà ní Ìtòkú. Koríko ni wọ́n fi ń ran án, ó ń gba ọjọ́, ó sì wọ́n. Ìyá tèmi dá owó tí wọ́n pè sí méjì, ó tún já díẹ̀ nínú ìdajì. Ojú tì mí.

Ọmọ Lísàbi

Ẹ̀gbá ni mí, ẹ bá mi kí Màmá. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe nílé?

Ẹni tó béèrè

Aláró ni wọ́n. Adìrẹ. Ó tó ogójì ọdún tí wọ́n fi ṣe é.

Ọmọ Lísàbi

Aláró! Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ? Ẹ sọ fún Màmá pé ẹlú ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Láti bí 1740 lọ, ìrẹsì àti ẹlú ni South Carolina ń kó lọ sí Ìlú Ọba, títí ogun òmìnira Amẹ́ríkà fi ba ti ẹlú jẹ́. Inú àgbá ńlá ni wọ́n ti ń rẹ ẹ́ títí á fi rà, òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn súnmọ́ ọn. Àwọn ẹrú ló ń dúró tì í. Mi ò sọ pé Ẹ̀gbá ni wọ́n o. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn wá láti Angola, Senegal, Gambia àti Sierra Leone. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wọ̀nyẹn ló ti ń rẹ aró kí òyìnbó tó dé. Ẹ kàn sọ fún Màmá, kẹ́ ẹ sì wo ojú wọn.

Ẹni tó béèrè, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún

Ẹ̀yin ará, a ti dé o. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

Màmá lọ. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀ wọ́n. Mo ka ọ̀rọ̀ ẹlú yẹn sí wọn létí, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló ń tọ́ ọ wò fún wọn?" Mi ò mọ̀ pé ẹnu làwọn aláró fi ń mọ̀ bóyá aró ti ṣe. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, báàgì wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Hòtẹ́ẹ̀lì tí a gbà (mi ò ní dárúkọ) fún wa ní yàrá lókè kẹta, ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè sì ti bàjẹ́. Dádì bá wọn fà á títí wọ́n fi gbé Màmá sísàlẹ̀. Òjò pa gèlè wa ní White Point Garden, fọ́tò mẹ́rin péré ló dáa. Ọ̀rẹ́ mi ní mẹ́rin yẹn ti tó òun. Ọ̀yọ́túnjí, a ò débẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Nínú ọgbà abẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, Màmá ò wí nǹkan kan. Wọ́n dúró títí omi fi bo àwọn ère náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní ká máa lọ. Ọmọbìnrin mi ló yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ń mú wa káàkiri fi bíríkì kan hàn wá lára ògiri àtijọ́ kan, ojú ìka wà nínú ẹ̀, ti àwọn ọmọdé tó ń gbé bíríkì náà nígbà tó ṣì tutù. Ọmọ mi ki fóònù bọ àpò, ó ki ìka tiẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìka rẹ̀ ò wọlé.

Ìyá Ìbejì, ẹ̀rù agbọ̀n tí ẹ dá bà mí náà. Ní City Market, Màmá rí obìnrin kan tó ń ran agbọ̀n, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó tì í láìbéèrè. Ọwọ́ ṣíbí tí wọ́n gé, tí wọ́n lù pẹlẹbẹ, lobìnrin náà fi ń lu ihò sínú koríko, á wá ki ewé ọ̀pẹ gba inú ihò náà, á fà á le. Ó tó wákàtí kan tí Màmá fi wò ó. Obìnrin yẹn ò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì Màmá ò sì ju "You try, you try" lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n bi í léèrè pé ọjọ́ mélòó ni ti kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbà. Ó ní ọjọ́ méjì. Eélòó? Dọ́là 65.

Mo ti ń wo ilẹ̀.

Màmá yíjú sí Dádì. "Sanwó fún un. Má sì gba ṣéńjì."

Àádọ́rin ló san. Agbọ̀n náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn báyìí, oògùn orúnkún ló wà nínú ẹ̀.