Ohun tí màmá mi ń wò lọ́sàn-án

Àwọn èèyàn ń sọ ọ́ pé alẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n ń kó eré gidi sí, pé àṣetúnṣe àti ìpolówó ló kún ọ̀sán. Èmi náà fẹ́ sọ tèmi lórí tẹlifíṣọ̀n ọ̀sán, torí ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Ẹ̀lùbọ́ ni màmá mi tà ní ọjà Ìpàta níbí n'Ílọrin fún ohun tó lé ní ọdún 30. Wọn kì í sí nílé lọ́sàn-án. Lálẹ́, bí wọ́n bá ti kírun Ìṣáì tán, oorun ni, nítorí kí ládánì tó pe Súbúhì ni wọ́n ti ń jí. Láti ọdún 2001 tí eré orí tẹlifíṣọ̀n Super Story ti bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò wa ní Pàkátà ń sáré jókòó láago mẹ́jọ alẹ́ Àlàmísì, màmá mi kò rí ẹyọ kan wò parí. Àwa ọmọ la máa ń ròyìn ẹ̀ fún wọn láàárọ̀, bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀lùbọ́ sápò.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn kán. Ó wá di pé wọ́n ń jókòó sílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ láti tọ́jú wọn, ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń fún èèyàn lọ́sàn-án.

Fíìmù tí wọ́n ṣe lálẹ́ Àlàrùbá, òun náà ni lọ́sàn-án Jímọ̀, ó tún yọjú ní Àtàláátà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, màmá ti ń sọ ohun tí ìyálé inú fíìmù fẹ́ sọ kó tó lanu. Bí kì í bá ṣe fíìmù, alágbo ni: odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí igo kan ṣoṣo tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, tó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, tó tún ń so egungun pọ̀. Màmá mi tí egungun kán gbọ́ èyí! Wọ́n ní kí n pe nọ́ńbà yẹn kíákíá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi fa ọ̀rọ̀ náà, àfìgbà tí dókítà fẹnu ara rẹ̀ bá wọn sọ ọ́.

Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ta ló wà nídìí tẹlifíṣọ̀n láago mọ́kànlá àárọ̀? Aláìsàn ni, arúgbó ni, abiyamọ tuntun ni, télọ̀ tó ń ránṣọ ni. Àwọn tí ọ̀rọ̀ igo lè tètè wọ̀ létí gan-an ni wọ́n gbé e kalẹ̀ fún.

Mo mọ ibi tó ti wá. Owó ìpolówó ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi ń jẹun, alẹ́ tí baálé, ìyàwó àtọmọ ti wọlé sì ni ọlọ́jà ńlá ń sanwó gidi fún. Eré tuntun tẹ̀lé owó lọ síbẹ̀. Ọ̀sán tó kù, ẹni tó bá rówó ra àyè ni wọ́n ń tà á fún. Nígbà tí mo wà ní pírámárì láàárín ọdún 1980 sí 1989, kò tiẹ̀ sí ọ̀sán lọ́jọ́ iṣẹ́: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣí, àwa ọmọdé á jókòó ti ìlà aláwọ̀ mèremère tó ń han híìì, a ó máa retí orin orílẹ̀-èdè.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán ṣeé tún ṣe, mo fojú mi rí i. Nígbà tí ààwẹ̀ wọlé, tàfúsírì dé lẹ́nu àwọn àáfà Ìlọrin, lédè wa, àlàyé Àlùkùráánì tó kún fọ́fọ́. Màmá á ní kí n gbé àga àwọn sún mọ́ ọn. Bí àáfà bá ka áyà tí wọ́n mọ̀, wọ́n á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan ti ro ti ẹni tó wà nílé lọ́sàn-án. Ìtúnu ààwẹ̀ kọjá tán, igo agbo tún padà dé.

Mo wá ra fláàṣì, mo tì í bọ dìkódà wa tó lè gba eré sílẹ̀. Ohun tó bá dáa lálẹ́, bí iná bá wà, mo ń gbà á. Ní báyìí, bí màmá bá ti mu ògì tán láàárọ̀, wọ́n á nawọ́ sí rìmóòtù:

"Kí lo gbà sílẹ̀ fún mi lánàá?"