Ǹjẹ́ ó yẹ kí n fi ọmọ mi sí ètò ẹ̀kọ́ ìwà àti ìdarí nínú ìsinmi gígùn yìí?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìbàdàn:

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, mo kí yín o. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú oṣù Kẹta, yóò sì wọ SS2 bí wọ́n bá wọlé nínú oṣù Kẹsàn-án. Ọdọọdún ni mo máa ń fi í sí lẹ́sìnnì ìsinmi, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún yìí, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fún mi ní ìwé pélébé kan nípa ètò ọlọ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ní ó wà fún kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́langba ní ìwà àti ìdarí. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn gbajúmọ̀ yóò wá bá wọn sọ̀rọ̀, wọn yóò sì gba ìwé ẹ̀rí.

Ọmọ náà kì í ṣe ọmọkọ́mọ. Ó mọ̀wé, kì í sì í rí àgbà fín. Ohun tó ń dùn mí ni pé kì í dá nǹkan kan dáwọ́ lé fúnra rẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, omi tán nínú táńkì, ó sì jókòó ti garawa òfìfo fún bíi wákàtí méjì, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, títí mo fi ti ọjà dé. Ó ní òun ń dúró kí n wá sọ ohun tí òun máa ṣe ni. Kànga kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ibi tó jókòó sí. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pa èmi lẹ́rìn-ín rárá. Ǹjẹ́ irú ètò báyìí ń tún ọmọ ṣe lóòótọ́? Kí ni kí n bèèrè kí n tó sanwó?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta:

Ìyá wa, ẹ ò ṣàṣejù. Ó dára kí ẹ mọ orísun irú ètò yìí, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí ẹ lè dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú. Olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Kurt Hahn, tí ìjọba Hitler tì mọ́lé ní ọdún 1933 kí ó tó rí ọ̀nà sá lọ sí Bìrìtéènì, ni òun àti Lawrence Holt, ẹni tó ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun, jọ dá ilé-ẹ̀kọ́ Outward Bound sílẹ̀ ní Aberdovey, ní etíkun Wales, ní ọdún 1941. Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ohun tó ká Holt lára ni pé bí àwọn ọ̀tá bá ri ọkọ̀, àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ tí ara wọn le koko ni ń tètè kú sórí omi, tí àwọn àgbà tí ara wọn kò le tó tiwọn sì ń yè é, nítorí pé ìyà ti kọ́ àwọn àgbà ní sùúrù àti ìgboyà.

Ọdún 1951 ni òyìnbó ọmọ ilẹ̀ Bìrìtéènì kan, Alec Dickson, gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún àwa ní Man O' War Bay, lẹ́bàá ìlú Victoria tí wọ́n ń pè ní Limbe lónìí, nígbà tí apá ibẹ̀ ní Kamẹrúùnù ṣì wà lábẹ́ àkóso kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà. Àwọn ọ̀dọ́ tó lọ síbẹ̀ gun Òkè Kamẹrúùnù tó ga ju mítà 4,000 lọ, wọ́n sì bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ dìbò ní ọdún 1961 pé Kamẹrúùnù ni àwọn yóò bá lọ, wọ́n kó ilé-ẹ̀kọ́ náà wá sí Nàìjíríà. Òun ló di Citizenship and Leadership Training Centre, tó ní ibùdó orí òkè ní Shere Hills, lẹ́bàá Jos.

Mo dé Shere Hills nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n so okùn mọ́ mi ní ìbàdí kí n máa sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta, ọmọkùnrin kan tí n kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí òun náà kò sì gbọ́ tèmi, ló di okùn mi mú lókè. Nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn fa okùn náà le díẹ̀ kí n lè mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kàn mí láti di tirẹ̀ mú. N kò rántí ọ̀kankan nínú àwọn ọ̀rọ̀ ìyànjú tí wọ́n bá wa sọ, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rántí bí okùn yẹn ṣe wúwo lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, ohun tí ẹ óò bèèrè ni èyí: kí ni wọ́n fẹ́ gbé lé ọmọ náà lọ́wọ́, tó jẹ́ pé bí kò bá ṣe é, ẹlòmíràn ni yóò jìyà rẹ̀? Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń ṣe àáró mọ èyí dáadáa. Ọ̀dọ́ tó bá kọ̀ láti lọ sí oko ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní rí ẹni wá sí tirẹ̀.

Ìyá kan láti Lọ́ńdọ̀nù:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ bàbá, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọbìnrin mi ṣe ètò àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Duke of Edinburgh's Award níbí, èyí tí Ọmọba Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Hahn ní Gordonstoun, dá sílẹ̀ ní ọdún 1956. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìpele kìíní. Ìrìn àjò tó wà nínú rẹ̀ kò ju ọjọ́ méjì pẹ̀lú oorun alẹ́ kan lọ. Iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni, eré ìdárayá àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ilé àwọn arúgbó ni tèmi ń lọ. Ní oṣù kejì ó ti sú u, ṣùgbọ́n màmá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti dúró dè é.

Nínú ìrìn náà pẹ̀lú, olùkọ́ kì í bá wọn rìn. Àwọn ni wọ́n ń ka máàpù, tí wọ́n ń ru oúnjẹ àti àgọ́ wọn, tí olùkọ́ yóò sì lọ dúró níwájú dè wọ́n. Wọ́n ṣìnà fún wákàtí kan gbáko, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì wá ọ̀nà padà. Ètò náà wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú, International Award ni wọ́n ń pè é. Ẹ bèèrè ní ilé-ìwé ọmọ yín.

Bàbá kan, Àkúrẹ́:

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ààbò. Mo fi ọmọbìnrin mi sí irú ètò bẹ́ẹ̀ kan ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, n kò ní dárúkọ wọn. Inú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ tí òmíràn ń gbà á. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, n kò bá obìnrin kan ṣoṣo tó ń bójú tó àwọn ọmọbìnrin. Mo mú ọmọ mi lọ sílé lóru náà. Ẹ bèèrè ẹni tí yóò máa sùn tì wọ́n, bí nọ́ọ̀sì bá wà, àti bí ẹni tó mọ̀ wẹ̀ yóò bá wà níbẹ̀ tí wọ́n bá kó wọn lọ sódò. Bí ẹni tó ń ṣètò náà bá bínú sí ìbéèrè yín, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìbàdàn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi. Mo pe àwọn olùṣètò náà lánàá. Wọn kò bínú, wọ́n sì dá mi lóhùn dáadáa nípa nọ́ọ̀sì àti àwọn obìnrin tí yóò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bèèrè ohun tí àwọn ọmọ náà yóò máa ṣe, wọ́n ní wọ́n ti gba alásè, wọ́n ti gba ẹni tí yóò máa fọ aṣọ, àwọn ọmọ kò ní ṣe wàhálà kankan. Mo ti fi owó náà pa mọ́ ná. Màá lọ sí ilé-ìwé rẹ̀ nípa èyí tí ìyá Lọ́ńdọ̀nù sọ.

Ní báyìí, mo ti sọ fún ọmọ náà pé omi ilé ti di tirẹ̀, láti orí kànga dé orí táńkì, àti pé bí omi bá tán, gbogbo wa ni a kò ní wẹ̀. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó wá bi mí bóyá òun lè pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe fúnra òun, nítorí ó ń dún lódìlódì. Mo fún un ní nọ́ńbà rẹ̀.